Ọwọ́ Ta Ni Ìlù Wà? Ẹ̀rọ Ìṣípayá àti Ìgbógunti Ìwà Àjẹbánu nínú Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀

Ìfáárà

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn Ṣaworoidẹ (1999) àti Agogo Èèwọ̀ (2002), Túndé Kèlání ló sì darí wọn. Ìlú Jogbo ni ìtàn méjèèjì ti wáyé. Ibi tí ti àkọ́kọ́ dúró sí ni èkejì ti mú un. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn lámèyítọ́ ti ń ka fíìmù méjèèjì gẹ́gẹ́ bí òwe ìṣèlú Nàìjíríà: Lágata ọ̀gágun dúró fún ìjọba ológun, Bọ́sípò dúró fún ìjọba alágbádá tó dé ní 1999. Ìkàsí yìí ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, a kò sì ní í bá a jà níbí. Ohun tó jẹ wá lógún ni pé ó ti mú kí a máa wá ojú ènìyàn kiri nínú fíìmù náà, kí a sì fojú fo ohun tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìlù ni ṣaworoidẹ. Irin tí alágbẹ̀dẹ rọ ni agogo. Kò sí orúkọ ọba tàbí ti ìjòyè kan nínú àkọlé méjèèjì.

Iṣẹ́ kan náà ni ìlù àti agogo yìí ń ṣe nínú ìtàn: wọ́n ń tú àṣírí ẹni tó ń jẹ owó ìlú. Ẹ̀rọ ni wọ́n, bí a bá gbà pé ohunkóhun tí ènìyàn fi ọgbọ́n ṣe kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí ojú àti ọwọ́ lásán kò lè ṣe ni ẹ̀rọ. Èyí ló mú kí wọ́n wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ ronú lórí ohun tí ìjọba Nàìjíríà ti ń ṣe láti ọdún 2000: òfin tuntun, àjọ tuntun, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ lórí ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ní orúkọ ìgbógunti ìwà àjẹbánu. Èrò wa ni pé ìlù inú fíìmù àkọ́kọ́ ju agogo inú fíìmù èkejì lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ìṣípayá. Kì í ṣe agbára rẹ̀ ló fi jù ú lọ bí kò ṣe ibi tí ó wà àti ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kan náà ni a sì rí láàárín ohun tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1947 àti ohun tí ìjọba ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lónìí.

Ìlù tó wà lẹ́yìn odi ààfin

Májẹ̀mú ni ìpìlẹ̀ Ṣaworoidẹ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ Onijogbo gbọ́dọ̀ búra, kí ó sì gba gbẹ́rẹ́. Adé idẹ àti ìlù ṣaworoidẹ ni ẹlẹ́rìí ìbúra náà. Ẹni tó bá dé adé láìbúra, tí ìlù náà sì dún sí i létí, ó di òkú. Lápìtẹ́ mọ èyí. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ọba tó bá búra kò lè kó ọrọ̀ jọ lórí ìtẹ́, ìdí nìyẹn tó fi kọ̀ láti ṣe ètò náà pé. Òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ wá ń bá àwọn agégẹdú jẹ igbó Jogbo. Àwọn ọ̀dọ́ fárígá. Ọ̀gágun Lágata gba ìjọba, ó gbé adé lé orí ara rẹ̀. Ìlù sì dún.

Ohun tó yẹ kí a tẹjú mọ́ ni pé ìlù yìí kò sí láàfin. Ọwọ́ onílù ló wà, ọba tó fẹ́ jẹ owó ìlú sì ní láti kọ́kọ́ máa wá a kiri. Orí èyí ni gbogbo ahunpọ̀ ìtàn náà dúró lé: ẹni tó ní agbára kò ní ìlù, ẹni tó ní ìlù kò ní agbára mìíràn. A lè fi owó ra ìjòyè, a lè fi ìbọn ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ará ọjà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ bí a ti ń lu irú ìlù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń rà. Láti kékeré ni ọmọ Àyàn ti ń kọ́ ọ, ara ni ó sì ń gbé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí ìlù náà gbà, igi àti awọ ni wọ́n gbà.

Ìlù náà tún ń sọ̀rọ̀. Ìyá ìlù dùndún ni a mọ ṣaworo mọ́. Ọṣán tó so awọ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ló ń jẹ́ kí onílù gbé ohùn sókè, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀, kí ó sì fà á láàárín méjèèjì, débi pé etí tó gbọ́ èdè yóò mọ ohun tí ó ń wí. Nítorí náà ìlù kò kàn ń pa ènìyàn. Ó ń fẹ̀sùn kàn án ní gbangba, àwọn tó pé jọ síbẹ̀ sì lè gbọ́ ẹ̀sùn náà fúnra wọn, kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò, kí wọ́n sì rántí rẹ̀ lọ́la.

Agogo kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn kan tàbí méjì ló ní, kò sì ní ọṣán tí a lè fún tàbí kí a dẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ láti ayébáyé, bí akéde ti ń lò ó, ni láti pe etí jọ: ẹ dákẹ́, àṣẹ ń bọ̀ láti ààfin. (Ó dùn mọ́ni pé agogo yìí kan náà ló di aago tó ń ka wákàtí fún wa, tí a tún wá ń fi tẹ ara wa láago lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ náà ti rin ìrìnàjò gígùn láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, a ó sì tún bá a pàdé níwájú.)

Nínú Agogo Èèwọ̀, Bọ́sípò ló gorí ìtẹ́. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì fẹ́ tún ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè tí jíjẹ ti mọ́ lára láti ayé Lápìtẹ́ kò gbà fún un. Ọ̀rọ̀ wá di ìbúra: kí àwọn ìjòyè jáde wá níwájú agogo èèwọ̀, kí wọ́n sọ pé ọwọ́ àwọn mọ́. Amáwomárò, awo ìlú, ló ń tọ́jú ètò náà. Ẹni tó bá ṣèké, èèwọ̀ yóò mú un.

Òǹwòran a máa gbádùn ibi yìí gidigidi, àwa náà kò yọ ara wa sílẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè kan: ta ló pe ìbúra? Nínú fíìmù àkọ́kọ́, ọba gan-an ni ìbúra ń dè. Òun ni ẹ̀rọ kọjú sí. Nínú èkejì, ẹ̀yìn ìtẹ́ ni ẹ̀rọ ti bọ́ sí, àwọn ìjòyè ló wá kọjú sí. Ọba rere ló ń lò ó, a gbà. Ṣùgbọ́n ìtàn kò sọ fún wa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọba tó ń bọ̀ lẹ́yìn Bọ́sípò bá fi agogo kan náà mú kìkì àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ràn. Ìbéèrè tí Ṣaworoidẹ fi gbogbo ara béèrè, Agogo Èèwọ̀ fi ìwà ọmọlúàbí ẹnì kan dáhùn rẹ̀. Níbẹ̀ ni fíìmù èkejì ti fà sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré tó gbámúṣé ni.

Ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé Amáwomárò kì í ṣe ìránṣẹ́ ọba, pé ọwọ́ awo ni agogo wà. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, awo náà kò lè pe ìjòyè kan jáde bí ọba kò bá fọwọ́ sí i, onílù kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ Lágata kí ó tó lù. Ẹlòmíràn lè sọ pé ìlú kò yan onílù pẹ̀lú, pé àbínibí ni Àyàn, a kò sì mọ ẹni tí yóò mú onílù bí òun náà bá gba owó. Èyí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣaworoidẹ kò ní ìdáhùn sí i, àfi kí a gbà pé ẹni tí kò sí nídìí àpótí owó kò ní ohun púpọ̀ láti jí níbẹ̀.

Ó yẹ kí a ka ọdún tí fíìmù èkejì jáde mọ́ ọn. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, ló ń ṣe Ààrẹ nígbà náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2000 ló fọwọ́ sí òfin tó dá àjọ ICPC sílẹ̀. Ní 2003, ọdún kan lẹ́yìn Agogo Èèwọ̀, àjọ EFCC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Nuhu Ribadu sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìtàn àròsọ ti ṣáájú ìròyìn: ọlọ́pàá rere tí Jogbo ń retí, Nàìjíríà rí i. A kò sì lè sọ pé asán ni. Ní 2005, ilé ẹjọ́ rán ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá gbogbo ilẹ̀ yìí lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí owó, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lálàá rẹ̀ ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Àmọ́ ẹ̀yìn ìtẹ́ náà ni agogo yìí wà, ariwo tí àwọn olóṣèlú alátakò sì ń pa láti ìgbà náà, pé ọ̀tá ìjọba nìkan ni ó máa ń dún mọ́, kò tíì dákẹ́ lábẹ́ Ààrẹ kankan.

Ìwé ìṣirò owó ní Aké

Èkó ni wọ́n bí Kèlání sí ní 1948, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ló ti dàgbà, Abẹ́òkúta Grammar School ló sì lọ. A kò ní ẹ̀rí pé ìtàn ìlú náà ló bí Jogbo, Ìṣọ̀lá tó kọ ìtàn náà pàápàá, ọmọ Ìbàdàn ni. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n bí olùdarí eré yìí gan-an ni Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò ní Aké lọ sí Òṣogbo, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin ti fi ohun èlò kan bá ìtẹ́ rẹ̀ jà. Ohun èlò náà kì í ṣe ìlù, kì í sì í ṣe agogo.

Àwọn Ẹ̀gbá ní òwe kan tí wọ́n fi ń bú ara wọn, tí wọ́n sì fi ń yin ara wọn: Ẹ̀gbá kò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, agbára pín sí ọwọ́ Ògbóni, Ológun àti Pàràkòyí, ọba ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ààyè tirẹ̀. Ìjọba òyìnbó kò ráyè irú ìpínkiri bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yóò fi di àárín ọ̀rúndún tó kọjá, Aláké nìkan ni wọ́n kà sí aláṣẹ ìbílẹ̀, òun ló sì ń gba owó orí fún wọn. Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀, ohun tí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, láìní aṣojú kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, èyí tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì jẹ́ olórí rẹ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ayé ló mọ̀ nípa ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tó dó sí iwájú ààfin Aké ní oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá ọdún 1947, àti nípa orin tí wọ́n kọ. Wọlé Ṣóyínká tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà kọ nípa rẹ̀ nínú Aké. Ohun tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ bá ni iṣẹ́ tó ṣáájú orin. Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin tó bí ẹgbẹ́ ńlá yìí ti ń kọ́ àwọn ìyálọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Nígbà tí ìjà dé, wọ́n gba aṣèṣirò owó kan láti yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Wọ́n wá mú un jáde pé kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, pé kí a bu owó orí lé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó, pé kí a fi èrè rẹ̀ ṣe ọ̀nà, ìmọ́tótó àti ẹ̀kọ́, pé kí a sì fi ìgbìmọ̀ tí obìnrin wà nínú rẹ̀ rọ́pò aláṣẹ kan ṣoṣo. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Adémọ́lá kéde pé òun sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ fìdíhẹ. Aláké padà sí ìtẹ́ ní òpin ọdún 1950, ṣùgbọ́n kò padà sí ipò aláṣẹ kan ṣoṣo mọ́.

Ìwé owó ni ṣaworoidẹ tiwọn. Ó jọ ìlù inú fíìmù ní ti pé ìta ààfin ni ẹni tó mọ bí a ti ń lò ó wà, àti ní ti pé ó ń sọ̀rọ̀: ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìwé kà lè tọpa iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ó sì yàtọ̀ sí i níbi kan tó ṣe kókó. Kò sí èèwọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé owó kì í pa ènìyàn. A lè bá a jiyàn, a lè sọ pé aṣèṣirò owó ṣi nǹkan kà, ọba lè mú ìwé tirẹ̀ wá. Nínú fíìmù méjèèjì, kò sí ẹni tó lè bá ẹ̀rọ jiyàn. Èèwọ̀ kì í ṣàṣìṣe, kì í sì í ṣe ojúsàájú, nítorí náà Ìṣọ̀lá kò nílò ilé ẹjọ́, kò sì nílò ará ìlú tó ń ṣe nǹkan kan ju kí wọ́n dúró máa wò. Ibi tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti gba iwájú mọ́ ìtàn àròsọ lọ́wọ́ nìyí, ní ọdún méjìléláàádọ́ta kí Ṣaworoidẹ tó jáde.

Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ṣe é. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859, nítorí náà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wà nínú ìlú náà ní ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ṣáájú ìjà 1947. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìwé kíkà wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀, ìwé owó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó dín sí wọn.

Kọ̀ǹpútà àti òṣìṣẹ́ tó jẹ́ orúkọ lásán

Láti 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń kó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, IPPIS, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ orúkọ lásán lè pòórá. Ní 2014, Báńkì Àgbà gbé BVN dé: nọ́ńbà mọ́kànlá tó so ìka ọwọ́ àti ojú ènìyàn mọ́ gbogbo àpò owó rẹ̀ ní báńkì. Ní 2015, ìjọba Buhari pàṣẹ pé kí gbogbo owó tó ń wọlé fún iléeṣẹ́ ìjọba máa wọ inú àpò kan, èyí tí a mọ̀ sí TSA. Kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń fi orúkọ bàbá àgbà tó ti kú gba owó oṣù tí yóò sọ pé ẹ̀rọ wọ̀nyí kò dín olè kù. Wọ́n dín in kù.

Ṣùgbọ́n àbùdá wọn, agogo ni. Wọn kò sọ̀rọ̀ létí ẹnikẹ́ni. Ará ìlú kò lè wo inú IPPIS, òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ dín kù kò sì mọ ẹni tí yóò bá jiyàn. Nínú yunifásítì ìjọba àpapọ̀, bíi FUNAAB ní Abẹ́òkúta níbí, àwọn olùkọ́ rí èyí kedere láti 2020, nígbà tí wọ́n fi ipá kó wọn wọ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ sàbátíkà, kò mọ olùkọ́ àbẹ̀wò, kò sì mọ àjẹmọ́nú tí àdéhùn ti fọwọ́ sí; ohun tí kò bá mọ̀, kò ní í san. Ẹgbẹ́ ASUU sọ pé ó tẹ òmìnira yunifásítì mọ́lẹ̀. Ìjọba dáhùn pé ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ̀rọ ní ohun tó ń fi pamọ́. Ìdáhùn yìí gan-an ni agogo èèwọ̀: wá búra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ olè ni ọ́.

Àwọn olùkọ́ wá ṣe ohun tí Jogbo kò ṣe. Wọ́n rọ ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n pè é ní UTAS, wọ́n ní òun náà lè mú olè láìfi ìyà jẹ aláìṣẹ̀. NITDA, àjọ ìjọba lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, dán an wò, ó ní kò tíì yege. ASUU ní ó yege. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ti 2022 sì wà lára wọn, ohun tí a ń jà lé lórí nínú ìgbógunti ìwà àjẹbánu kì í ṣe bóyá kí a ṣí ìwé owó. Ẹni tí yóò kọ kọ̀ǹpútà tí yóò ṣí i ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ pinnu pé kí àwọn yunifásítì kúrò lórí IPPIS.

Láàárín ìgbà náà, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí Ìṣọ̀lá ìbá rẹ́rìn-ín sí bí ó bá wà láyé. Ó ti papòdà ní 2018. Ọ́fíìsì Akáńtáǹtì Àgbà ìjọba àpapọ̀ ló ń bójú tó IPPIS àti TSA. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, EFCC mú ẹni tó wà ní ipò náà lórí ẹ̀sùn owó tí wọ́n ní ó tó bílíọ̀nù 80 náírà. Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi, kò sì sí ohun tí a lè fi kún un níbí. Ohun tó kan iṣẹ́ wa ni ibi tí ẹ̀sùn náà ti wá: kì í ṣe ẹ̀rọ tó mọ ìka ọwọ́ akọ̀wé kékeré ló kọ́kọ́ tú u síta. Ẹ̀rọ náà kò kọjú sí òkè. Ẹni tó ń lù ú kò sí lára àwọn tí ó ń lù mọ́.

Ìjọba ti gbìyànjú láti fi nǹkan kan lé ará ìlú lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n ṣe ìlànà pé ẹni tó bá tú àṣírí owó ìlú tí wọ́n jí yóò gba ìpín nínú ohun tí a bá rí gbà padà. Ní 2021, EFCC gbé ètò Eagle Eye sórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni lè fi aago ọwọ́ rẹ̀ ta wọ́n lólobó. Agogo ti dé ọwọ́ ọmọ ìlú nígbẹ̀yìn, a lè sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, etí ìjọba nìkan ni ó ń dún sí. Onílù Jogbo lu ìlù ní gbangba, gbogbo ìlú gbọ́. Ẹni tó fi fóònù sọ̀rọ̀ lónìí ń sọ ọ́ sínú yàrá kan, kò sì ní mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́.

Ilẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù, àti ẹni tó ń lù

Ìtẹ̀síwájú kan wà nínú iṣẹ́ Kèlání tí ìkàsí yìí ràn wá lọ́wọ́ láti rí. Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ (1993), ìjòyè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta ilẹ̀ àjogúnbá ìlú fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀ rárá. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ̀san. Kòṣeégbé (1995), tí òun náà ti ọwọ́ Ìṣọ̀lá wá, kúrò lágbo awo pátápátá: òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan ló fẹ́ ṣe òótọ́ láàárín àwọn tí kò fẹ́ ẹ, kò sì sí ìlù tàbí agogo tí yóò gbà á sílẹ̀. Lójú wa, Kòṣeégbé ló sún mọ́ ohun tí ojú olóòótọ́ ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba jù lọ. Ó yani lẹ́nu pé fíìmù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í sábà kọ iṣẹ́ lé lórí ni.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ti gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà báyìí. OLARMS ni orúkọ ètò náà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni onílẹ̀ ti ń tọrọ ìwé ilẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń san owó rẹ̀, kí ó má baà máa ti ọwọ́ akọ̀wé kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn ní Òkè-Mọ́sàn. Ẹni tó bá mọ bí fáìlì ti máa ń sọnù, tí ó sì máa ń jáde wá fúnra rẹ̀ bí owó bá ti kan tábìlì, yóò kí iṣẹ́ yìí káàbọ̀. Àmọ́ ìjòyè inú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ kò jí fáìlì. Ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló tà, ó sì lè rin ọ̀nà títọ́ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ju ti mọ̀lẹ́bí lọ. Kí ará abúlé kan ní Ọ̀bàfẹ́mi-Òwòdé lè ká irú ìjòyè bẹ́ẹ̀ mọ́, ó gbọ́dọ̀ lè ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ní èdè tí ó gbọ́, kí ilẹ̀ tó yí ọwọ́ padà.

Ọ̀rọ̀ ìlò èdè yìí kan àwa tí a wà nídìí ìmọ̀ Yorùbá tààrà. Àwọn obìnrin 1947 kọ́ ìwé kí wọ́n tó lè ka owó. Ìwé ìnáwó ìpínlẹ̀ kò jáde ní Yorùbá, ìròyìn ayẹ̀wé-owó-wò kò jáde ní Yorùbá, Eagle Eye pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń gbọ́. A ti kọ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí òwe àti ọfọ̀ inú Ṣaworoidẹ. Ìwọ̀nba ni a ti ṣe láti sọ ìwé owó di ohun tí dùndún lè wí.

Yunifásítì fúnra rẹ̀ sì ti wọ inú ìtàn náà báyìí. Bí a ti ń kó owó oṣù kúrò lórí IPPIS, ó ń padà sí ọwọ́ ọ̀gá yunifásítì, búsà àti ìgbìmọ̀ olùdarí, ní FUNAAB àti ní gbogbo yunifásítì ìjọba àpapọ̀ yòókù. Àwọn olùkọ́ tó ní kí a má ṣe fi agogo ìjọba mú àwọn ti borí. Ohun tó kù ni kí akẹ́kọ̀ọ́, agbálẹ̀ àti olùkọ́ kékeré béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí ìwé owó yunifásítì wà, ojúewé wo ló wà, àti ẹni tó ní àṣẹ láti kà á sókè.